Bí A Ṣe Yọ Kóòdù Bọ̀dá Kúnlé Kúrò

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè ròyìn fún ìyá ẹni lórí fóònù. Ìyá mi ní Ṣàgámù ti gbà pé kọ̀ńpútà tó bàjẹ́ ni mò ń tún ṣe, mo sì ti jẹ́ kó máa gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ náà tí mi ò lè dá gbé sínú mọ́. Wọ́n ní kí n mú nínú ọ̀nà mẹ́rin. Mo mú, mo sì mú èyí tó dáa. Kò sí ẹni tó lè na ìka sí mi pé mo ṣì í mú, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Òjò Manchester, tí kì í rọ̀ tán kì í sì í dá, ń ṣe tiẹ̀ lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Blackley wá sí àárín ìlú, mo tún wọ òmíràn gba Oxford Road, láàárín àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí oorun ṣì wà lójú wọn. Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé bíríkì pupa kan ní Chorlton-on-Medlock. Craig, máníjà wa, ti dúró dè mí pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì méjì. Ọmọ Manchester pọ́ńbélé ni Craig, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ tó bá ti po tíì fún ọ kó tó sọ̀rọ̀, kí o yáa di àga mú.

Ó ní, "Fúnmi, ọ̀rọ̀ coroutine yẹn. Ìwọ ni mo fẹ́ kó yàn án. A ò lè máa gbé ọ̀nà mẹ́rin kiri mọ́."

Mo ní, "Fún gbogbo ẹ̀rọ? Solaris náà?"

Ó wo inú tíì rẹ̀. "Solaris gan-an ló fà á."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò le. Ètò kọ̀ńpútà tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe ló máa ń gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ inú lábù, tó sì ń gbé e lọ síwájú dókítà. Iṣẹ́ kéékèèké tó pọ̀ rẹpẹtẹ ló máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ìdúró lásán ni wọ́n ń dúró. Onídìrí kan wà ládùúgbò wa ní Blackley tó ń dirun nínú pálọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó lè ní orí mẹ́ta nílẹ̀. Á dì tibí dé ìdajì, á ní, "Dúró ná," á bọ́ sórí ti ẹlòmíì. Tó bá padà, kò ní béèrè pé ibo ni mo dé. Ohun tí à ń pè ní coroutine nìyẹn: ọwọ́ kan, orí púpọ̀.

Gbogbo wàhálà wà níbi "dúró ná" yẹn. Kí ẹ̀rọ tó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́, kó sì kúrò lórí stack ti iṣẹ́ yẹn, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń to ohun tí kò tíì parí sí, kó tó lọ sórí ti ẹlòmíì. Tó bá gbàgbé ẹyọ kan ṣoṣo, irun Títí á bọ́ sórí Ṣadé. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹ̀jẹ̀ Títí ni yóò bọ́ sórúkọ Ṣadé. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹni tó kọ́ mi nírú iṣẹ́ yìí ni Bọ̀dá Kúnlé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ó sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa méjèèjì ń lọ ní Stretford. Nílé ìfowópamọ́ kan ní Èkó ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nídìí àwọn kọ̀ńpútà Solaris, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọba. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ wa fi ránṣẹ́ pè é, tí wọ́n sì ṣe físà fún òun àtìyàwó àtọmọ: àwọn oníbàárà wa kan ṣì ń lo ẹ̀rọ yẹn, kò sì sí ọmọdé kankan nílùú yìí tó fẹ́ kọ́ ọ. Èmi tiẹ̀ ti gba ìwé ìgbélùú mi látọwọ́ ọkọ mi. Físà Bọ̀dá Kúnlé, iṣẹ́ ló so ó mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi ni mo da nǹkan rú. Mo kọ coroutine tèmi, ó ń sáré, mo ń yangàn. Lọ́jọ́ kan, èsì ẹnì kan fara hàn lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé orúkọ tí a fi ń dán an wò lásán ni, kì í ṣe aláìsàn kankan. Mo wá ibi tí àṣìṣe náà wà títí, n kò rí i. Bọ̀dá Kúnlé fa àga rẹ̀ wá, ó gbé awò ojú rẹ̀ kejì lé èkíní, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Fúnmi, o kọ́lé fún wọn, o ò mọ fẹ́ǹsì."

Stack tí mo fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti kéré jù, ẹrù ọ̀kan ti ya wọ ilẹ̀ ẹnì kejì. Ó kọ́ mi láti fi ilẹ̀ òfìfo kan sí ìdí stack kọ̀ọ̀kan, kó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á dá ètò náà dúró lójú ẹsẹ̀. Mo ní, ṣé kó dákú níwájú oníbàárà? Ó ní, "Kó dákú níta gbangba sàn ju kó máa purọ́ ní kọ̀rọ̀." Mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn látìgbà náà.

Ọ̀nà mẹ́rin tí Craig ń wí nìyí. Èkíní ni pé kí a ní kí Unix, ìyẹn ètò tó ń darí àwọn kọ̀ńpútà wa (ẹbí rẹ̀ ni Linux, Mac, FreeBSD àti Solaris), fúnra rẹ̀ bá wa ṣe é. Ó ní irinṣẹ́ kan nínú tí ń jẹ́ swapcontext: o pè é, ó bá ọ kó ẹrù iṣẹ́ àkọ́kọ́ pamọ́, ó sì gbé ti èkejì jáde. Kò sí wàhálà, àfi pé ó lọ́ra. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ jáde, àfi kó kọ́kọ́ yà kí baálé ilé. Lórí Mac, wọ́n ti ní ká yé lò ó. Àwọn Linux kéékèèké kan kò tilẹ̀ ní in rárá.

Èkejì, ọgbọ́n àyínìke ni. A máa ń lo longjmp, irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún nǹkan mìíràn, láti fò láti orí stack kan sórí òmíràn. Ó dà bí ẹni tó ń gba ojú fèrèsé wọ ilé ara rẹ̀. Bọ̀dá Kúnlé fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan: "Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó." Àmọ́ àwọn Linux tuntun ti gba ọlọ́dẹ. Tí ọlọ́dẹ yẹn bá rí ẹni tó ń gba ojú fèrèsé, kò ní béèrè bóyá òun ló nilé. Ẹ̀kẹta ni kí a fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní thread. Kò sí Unix tí kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ta ló fẹ́ máa bọ́ òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ tí gbogbo wọn kàn káwọ́ lẹ́rán?

Ẹ̀kẹrin ni assembly: kí a fọwọ́ ara wa kọ ọ́ ní èdè tí ẹ̀rọ gan-an ń sọ. Kò sí ohun tó yá tó o. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Èyí tó wà lórí Solaris wa, Bọ̀dá Kúnlé ló kọ ọ́. Irú ẹ̀rọ yẹn máa ń kó ẹrù sábẹ́ ahọ́n, kì í tètè tu ú síta. Tí o bá gbé e kúrò lórí stack kan láìkọ́kọ́ ní kó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, orí ẹlòmíì ló máa tu ú sí. Gbogbo kóòdù náà ò kún ojú ìwé kan. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìlà kan tẹ̀ lé ìkan, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti jẹun.

Bí Craig ṣe po tíì fún mi yẹn, mo mọ̀ pé ó kan Bọ̀dá Kúnlé. Mi ò mọ bó ṣe kàn án tó. Òun kò sọ nǹkan kan fún mi. Àgbà tí wọ́n tọ́ dáadáa, kò ní wá bẹ ẹni tó kọ́ níṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú báàgì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo gbọ́ "Àǹtí Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́." Mo yíjú padà. Mọ́mì Tọ́lá ti kúnlẹ̀. Lórí kọnkéré tútù, pẹ̀lú gèlè lórí, obìnrin tó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ!

"Háà! Mọ́mì, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Èmi náà wó lulẹ̀ sórí orúnkún mi. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá, àwa méjèèjì nílẹ̀ láàárín ọkọ̀ bí ẹni tó sọ yẹtí nù.

"Wọ́n ti sọ fún un," ó ní. "Tí kóòdù rẹ̀ bá dúró, iṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n á tún físà wa ṣe. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ó parí nìyẹn. Tọ́lá fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n ní ọwọ́ yín ni yíyàn wà."

"Mọ́mì, mi ò lè ṣèlérí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dìde."

"Ẹ má ṣèlérí. Ẹ kàn rántí wa."

Mo fà á dìde, mo gbọn ìró rẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ìdí ni mo ń wá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kì í ṣe òtítọ́ ni mò ń wá, ìdí ni. Mo gbé swapcontext síbi kan, mo gbé assembly Bọ̀dá Kúnlé síbi kejì lórí ẹ̀rọ Solaris àtijọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, tó máa ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Tiẹ̀ yá jù, ó yá jù dáadáa. Inú mi dùn, mo fẹ́ẹ̀ pariwo. Lẹ́yìn náà mo gbé gbogbo ètò náà sórí rẹ̀, bí oníbàárà ṣe ń lò ó gan-an, ìyàtọ̀ náà sì pòórá. Ìdúró de lábù ló ń gba àkókò, kì í ṣe yíyí láti orí iṣẹ́ kan sí òmíràn. Kí lẹni tó ń retí lẹ́tà fẹ́ fi bàtà eré ìje ṣe?

Mo tọ̀ ọ́ lọ nínú kíṣìnnì ọ́fíìsì nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ó jókòó ti fèrèsé, ó ń jẹ ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un.

"Bọ̀dá Kúnlé, ẹ bá mi wá ìdí kan sà."

"Ìdí kí ni?"

"Ìdí tí a ò fi ní yọ tiyín kúrò."

Ó rọra fi ṣíbí lélẹ̀. "Ìyá Tọ́lá ti wá bá ọ."

Mo fa àga, mo jókòó.

"Fúnmi, kí ni mo sọ fún ọ nípa kóòdù tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀?"

"Ẹ ní ọmọ òrukàn ni, pé ó kàn jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ò tíì kú."

"Ó dáa. Èmi ni bàbá rẹ̀."

"Ẹ kọ́ mi nígbà náà! Èmi á máa tọ́jú rẹ̀."

"Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ ìwọ? Wọn ò ṣe irú ẹ̀rọ yẹn mọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ṣe ségesège nílé ìwòsàn, tí èmi ti kú, tí ìwọ ti lọ síbòmíì, ọmọ ta ló máa jókòó ka ohun tí mo kọ?" Ó gbé ṣíbí rẹ̀. "Jẹ́ kí n jẹun, ìrẹsì yìí ń tutù."

Inú bí mi débi pé mo kúrò níbẹ̀ láìkí i. Kí ló dé tí kò lè jà? Àwọn èèyàn ń jà nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí nílé iṣẹ́ yìí! Mo fẹ́ kó bẹ̀ mí, kí n lè ní ẹni tí màá di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó kọ̀, kò bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde. Àwọn tó ti gbé láàárín wa mọ̀ pé ẹ̀rí oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Èkejì ni ti ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ tí èèyàn fi ìgbàgbọ́ gbà, tó sì ń dúpẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé. Kò sẹ́ni tó ń ka èkejì yẹn sí irọ́. Èmi gan-an dúpẹ́ ìwé ìgbélùú mi kí n tó rí i.

Mọ́mì Tọ́lá jáde, ó gba máìkì. "Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Ìwé wa ti jáde! Iṣẹ́ ọkọ mi dúró digbí! A ò kúrò ní ìlú yìí!" Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì. Wọ́n lùlù, wọ́n jó yí i ká. Pásítọ̀ ní kí ọkọ rẹ̀ náà dìde, kí wọ́n gbàdúrà lé wọn lórí. Mo wo Bọ̀dá Kúnlé. Ó ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Mo dúró de Mọ́mì Tọ́lá lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, ṣé lẹ́tà ti wá ni?"

"Mo ti rí i nínú ẹ̀mí." Ojú rẹ̀ ń dán. "Tí èèyàn bá dìgbà tó rí i kó tó dúpẹ́, ìgbàgbọ́ wo ló ní?"

Mo ní, "Àmín."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mítìn wa. Craig wà níbẹ̀, àwọn méjì mìíràn wà lójú kọ̀ńpútà láti ilé wọn, Bọ̀dá Kúnlé sì jókòó sí apá ọ̀tún mi. Mo sọ ohun tí mo yàn. Fún irú ẹ̀rọ méjì tí ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ń lò, yálà Linux ló wà lórí wọn ni o, Mac ni o tàbí FreeBSD, a máa fọwọ́ ara wa kọ assembly, torí àwọn tó lè kà á pọ̀ nínú ọ́fíìsì wa. Ètò tó ń to kóòdù náà pọ̀ ló máa fúnra rẹ̀ wo irú ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀. Ibi tó bá ti rí ẹ̀rọ tí a ò ní assembly fún, kí Unix ibẹ̀ bá wa ṣe é fúnra rẹ̀. Mo wá sọ pé Solaris wà lára àwọn yòókù yẹn.

Craig yíjú sí apá ọ̀tún mi. Ó ní, "Kúnlé, ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yẹn ju gbogbo wa lọ. Tó o bá ní ó léwu, a máa fi tìrẹ sílẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ ni màá tẹ̀ lé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. "Ó léwu." Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó lè já a nírọ́, àfi èmi, mo sì fi ẹ̀mí mi búra pé ǹ bá dákẹ́. Mo gbàdúrà pé kó sọ ọ́. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò léwu. Swapcontext ti Solaris dára. Ẹ lo ohun tí Fúnmi yàn."

Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo dì í mú ní kọ́rídọ̀. "Bọ̀dá Kúnlé, kí lẹ ṣe yìí? Kí lẹ fẹ́ ṣe báyìí?"

Ó fara ti ògiri. "Iléeṣẹ́ kan ní Leeds ti fún mi níṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa ṣe físà."

Mo mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Olúwa! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Mo ti kọ̀wé sí wọn pé mi ò wá mọ́. Lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá? Lẹ́yìn ẹ̀rí?"

"Ìyàwó mi dúró níwájú ìjọ, Fúnmi. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àmín sí i. Díákónì ni mí. Tí mo bá di ẹrù lọ sí Leeds, mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi sọ pé irọ́ ni ẹ̀rí ilé mi."

"Ẹ pè wọ́n padà!"

"Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti mú ẹlòmíì."

Mo wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a mọ́ra ni àbí kí n gbo ó jìgìjìgì. "Ẹ sì mọ̀ pé mi ò ní yan tiyín."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ó fi awò rẹ̀ sójú padà. "Mo rò pé Ọlọ́run á gba ibòmíì yọ ni."

Ìyẹn ni mo ń sọ pé kò sí ẹni tó ṣe búburú. Craig ò ṣe búburú. Obìnrin yẹn fi gbogbo ọkàn rẹ̀ gbàgbọ́. Ọkọ kò fẹ́ dójú ti aya, kò sì fẹ́ purọ́ nídìí iṣẹ́. Èmi ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ. Ibi tí gbogbo rẹ̀ wá já sí, kò sẹ́ni tó lè gbé e mì. Mo ti bínú sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan Ọlọ́run, mo sì ti bẹ̀ Ẹ́ fún ìyẹn.

Ó ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí bí a ṣe ń fi swapcontext rọ́pò tiẹ̀, tó ní n kò ní nílò láti máa sọ fún ẹ̀rọ kó tu ẹrù ẹnu rẹ̀ mọ́, torí Solaris á ṣe ìyẹn láìsọ fún un. Nígbà tó kan pé kí a pa kóòdù rẹ̀ rẹ́, mo ní kó jẹ́ kí n ṣe é nígbà tó bá lọ tán. Ó ní rárá, pé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ kù sílẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó sì lọ po tíì. Ó wá iléeṣẹ́ mìíràn kiri, àmọ́ àkókò tí ìjọba ń fún èèyàn lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, kò tó nǹkan, àwọn tó sì ń wá onímọ̀ Solaris nílùú yìí, ẹ lè fọwọ́ kan kà wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ ni a gbé ètò tuntun náà lọ sórí ẹ̀rọ oníbàárà Solaris wa àkọ́kọ́. Mo jókòó tì í látàárọ̀, mo ń retí kó dákú. Kò dákú. Èsì ń lọ, èsì ń bọ̀, olúkúlùkù lórúkọ ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè wá. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí ó ṣe ń rí tó bá dáa nìyẹn: ẹnikẹ́ni kì í pè ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, mo wakọ̀ lọ sílé wọn ní Stretford, kí n bá wọn kó ẹrù dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Tọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi nǹkan dí etí, kò wo ojú mi. Kò sí kọ́tìnì lójú fèrèsé mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá Kúnlé. Mo ti múra sílẹ̀ de ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ. Ká ní ó bú mi ni, ìbá tù mí lára.

Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ará ilé má baà gbọ́. "Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́ sà. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan."

Inú rẹ̀ dùn. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, inú ọkùnrin yẹn dùn. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa. Ó dáa gan-an. O káre."

Mọ́mì Tọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, a ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo èmi tí mo ṣì wà lórí orúnkún nílẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni.

"Tó bá ti ṣiṣẹ́," ó ní, "dìde, Fúnmi, wá bá mi gbé ìdí àpótí yìí. Ó wúwo."

Mo dìde. Ó gbé iwájú, mo gbé ẹ̀yìn, a sì gbé e jáde sínú òjò.